Fóòkì Tí A Fi Àmì Ilé Wa Sí

Ọdún tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà. Àwọn ará ilé wa ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi ni kò tíì tán lára mi. Nígbà mìíràn tí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo ń kọ nǹkan sára pátákó, ọwọ́ mi a dúró lójijì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí lára mi nígbà náà, nítorí mo gbà pé inú bí nǹkan ṣe rí lára mi gan-an ni àṣìṣe náà ti wá.

Alágbẹ̀dẹ ni wá ní Ọ̀kà. Bàbá bàbá mi rọ ìjánu àti àlùkẹ́ńbù, irin ìtẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin, fún àwọn jagunjagun tó ń gun ẹṣin lásìkò ogun Nupé, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nílé wa pé ẹṣin lè já okùn, ó lè gbé ẹni tó gùn ún ṣánlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹṣin tó já ìjánu tiwa rí. Wọ́n sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba ẹ̀kọ́ ìjọ gbọ́. Nígbà tí ogun tán, tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin dínkù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọkọ́ àti àdá. Lẹ́yìn náà ni àdá òyìnbó dé, nínú àpótí, tí wọ́n fi òróró pa lára, tí gbogbo wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọn tó ń ra tiwa ń dínkù lọ́dọọdún. Nígbà tí mo fi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ti bá oko kòkó lọ. Ó ku Bàbá, ó ku ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà, nítorí náà mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi nígbà tó bá ku àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti yọjú, kíá ni "ìwọ" á di "ẹ̀yin" lẹ́nu mi. Òun náà ì bá lọ sí iléèwé. Ẹnì kan ni yóò dúró ti iná, òun sì ni àkọ́bí. Mi ò rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí ìyẹn. Mo máa ń rò ó, ojú a sì máa tì mí, ṣùgbọ́n ìrònú kì í ṣe ọpẹ́.

Òun ló mú kẹ̀kẹ́ wọ inú àgbẹ̀dẹ wa. Oníwàásù kan ló gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kọ lu òkúta wá, fóòkì rẹ̀ ti wọ́. Fóòkì ni irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó há táyà iwájú mọ́ àárín, tó sì gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ró. Ẹ̀gbọ́n mi rọ òmíràn sí i. Látìgbà náà ló ti ń ra òkú kẹ̀kẹ́ kiri Ìkàrẹ́, tó ń jí wọn dìde. Táyà àti ṣéènì á jẹ́ ti òyìnbó, ṣùgbọ́n fóòkì, ọwọ́, àti ibi ìdírù ẹ̀yìn, àgbẹ̀dẹ wa ni wọ́n ti ń jáde, a ó sì fi òrùka idẹ dídán yí wọn ní oríkèé oríkèé. Kẹ̀kẹ́ Ọ̀kà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé lè ní. Ọmọ ìjòyè ni yóò gùn ún, tàbí ẹni tí kòkó rẹ̀ so dáadáa. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ á na ẹ̀yìn ró bí ẹni tó wà lórí ẹṣin, Bàbá á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, wọ́n á máa wò ó títí yóò fi yí kọ̀nà. Inú wọn ń dùn ni.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: ó wúwo. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ irin tín-ín-rín, wọn ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní Ìkàrẹ́, bí wọ́n bá rí ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ wa gun òkè, wọ́n á bi í pé, "Bọ̀dá, ẹ̀ ń gùn ún ni àbí ẹ̀ ń rù ú?"

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń yan níwájú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ìkàrẹ́, wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ sáré láti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà, wọ́n á sì padà. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, akọ̀wé kóòtù kan ló gba ipò kìíní lórí kẹ̀kẹ́ òyìnbó. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ẹnu. Ẹni tó gun tiwa ló dé kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Akọ̀wé yìí wá ní kí wọ́n bá òun kí àwọn alágbẹ̀dẹ Ọ̀kà, kí wọ́n ní ọkọ́ dára lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa rọ ọkọ́ lọ. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló fi ṣẹ̀fẹ̀ títí òjò fi dé.

Bàbá ì bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kòkó kan wà ní Ìkàrẹ́, Mùsùlùmí ni, onísùúrù èèyàn, tó fẹ́ràn iṣẹ́ wa. Ó wá sí àgbẹ̀dẹ ní oṣù díẹ̀ kí ìdíje tó tún dé, ó sì sọ fún Bàbá pé òun fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ òun tó ń yí abúlé ká. Bí kẹ̀kẹ́ Ọ̀kà bá gba ipò kìíní lọ́dún yìí, ọwọ́ wa ni òun yóò ti máa rà á lọ́dọọdún. Bí kò bá gbà á, Èkó ni òun yóò ránṣẹ́ sí. Ó ní kí Bàbá má bínú, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ò lè máa fi ọ̀sán ti irin gun òkè.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Bí a bá borí, àgbẹ̀dẹ ilé wa yóò wà. Bí a kò bá borí, iná rẹ̀ yóò kú lójú Bàbá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan ní Ìkàrẹ́ nígbà náà, mo sì máa ń wálé sí Ọ̀kà nígbà ìsinmi àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo oṣù yẹn, mi ò lè jẹun tẹ́rùn. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Bí ìdààmú bá wà nílé, ikùn mi ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra òun, òun yóò sì dín fóòkì rẹ̀ kù. Bàbá ní ohun tó tín-ín-rín kò jáde nílé yìí rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ̀kẹ́ kì í lọ sójú ogun. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, láìpariwo, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń jà: ẹnì kan á sọ gbólóhùn kan, èkejì á fi òòlù dáhùn. Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi rọ fóòkì kan láìgba àṣẹ. Ó fi fáìlì tí a fi ń yún irin yún un títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi idẹ yíyọ́ jó o mọ́ irin ọrùn tó ń wọ inú ara kẹ̀kẹ́, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá fi èékánná ta á, wọ́n tẹ́tí sí i. Ó dún gbọnrangandan. Wọ́n tún ta á lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò ní kò dára. Wọ́n kàn gbé e padà fún un, wọ́n sì lọ bomi mu. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ṣẹ́jú. Mi ò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn tó dára tó fóòkì yẹn. Nígbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ṣe mí bíi pé mo gbé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kékeré dání.

Mo rò pé ìjà ti tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú eré ni Bàbá pè mí wá fi àmì sí i.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àmì yìí. Gbogbo ohun tí ilé wa bá rọ, a máa ń gé ilà mẹ́ta sí ọrùn rẹ̀, ibi tí irin ti pàdé igi tàbí tí irin ti pàdé irin. Ẹni tó rọ ọ́ kì í gé e. Ẹlòmíì nínú ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà, ni yóò gé e, kí ó lè dà bíi pé gbogbo ilé ló jẹ́rìí sí i. Láti kékeré ni èmi ti ń gé e, nítorí èmi ni kì í rọ nǹkan. Nígbà tí irin bá ṣì pọ́n la máa ń gé e, àá sì tún tì í bọ iná lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú ilà náà má bàa sán. Ṣùgbọ́n fóòkì yìí ti tutù, a ò sì lè tì í bọ iná mọ́, nítorí idẹ tó so ó mọ́ ọrùn yóò yọ́ dànù. Tútù la máa gé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní irin náà kò lè gba àpá mọ́, ó ti fún un ní gbogbo ohun tó ní. Ó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ ká gé àmì náà sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí irin ti nípọn.

Bàbá wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń kọlà fún ọmọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n má bínú, ṣùgbọ́n ojú ọmọ nípọn ju fóòkì yìí lọ. Bàbá ní ohun tí kò bá ní àmì kì í ṣe tiwa, kò sì ní jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí. Wọ́n ní bó bá borí láìní àmì, ta ló borí? Ẹ̀gbọ́n mi ju fáìlì sílẹ̀, ó jáde.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ bí ó ṣe rí lára mi. Mo wo Bàbá tó jókòó ti owú, irin tí a máa ń gbé iṣẹ́ lé lù, tí wọn ò wo ẹnì kankan, ó sì dá mi lójú pé bí àwọn méjèèjì bá sun ọjọ́ kan pẹ̀lú ìbínú yìí, ilé wa ti parí. Mi ò ronú nípa irin rárá. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí ìjà náà tán. Mo sì jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ti kọ́ pé ọ̀nà àárín máa ń wà nínú gbogbo nǹkan, inú mi sì ń dùn pé èmi ni mo rí i.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé, lórí àpáta tí a ti máa ń sá iṣu. Mo sọ fún un pé ó ti gba ohun tó fẹ́. Fóòkì ti tín-ín-rín, Bàbá ti gbà. Kó jẹ́ kí Bàbá náà gba ohun tí wọ́n fẹ́. Kí eré jẹ́ tirẹ̀, kí àmì jẹ́ tiwọn.

Ó ní, "Tíṣà, o ò mọ irin."

Mo ní, "Mo mọ Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná yọ èédú kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó jìn. Kí n kàn fi irin họ ọ́ lára, kó hàn, kó tó.

Mo fẹ́ họ ọ́ lára lóòótọ́. Ilà àkọ́kọ́ kò jìn rárá. Bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n fi ojú wọn tó ti ń ṣú wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé ti jẹ ọwọ́ rẹ ni?" Ojú tì mí. Mo gbé òòlù sókè sí i, ilà kejì wọlé, ẹ̀kẹta sì wọlé jù ú lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò dún bí ó ṣe máa ń dún lára irin tó pọ́n. Ó dún gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí eyín bá kan òkúta nínú ẹ̀wà. Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbọ́n irin kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ṣéènì, ó ń ta epo sí i, kò wò wá. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀, ó sì wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ìdùnnú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Àwọn méjèèjì jọ jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ náà láti inú abọ́ kan, èmi náà jẹun, mo jẹ àjẹyó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé wa, mi ò lọ sí Ìkàrẹ́ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ọ̀nà ti ń jáde ní Ọ̀kà lọ sí Àkùngbá, nítorí mo fẹ́ rí wọn nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ. Èrò pọ̀ lápá méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ gòkè kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àti akọ̀wé kóòtù jọ wà níwájú, wọn ò sì jìnnà síra wọn. Nígbà tí wọ́n yí padà tí wọ́n ń sọ̀ bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, aṣọ rẹ̀ wú lẹ́yìn. Àwọn ará Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo ti kó ọwọ́ mi méjèèjì lé ẹnu. Akọ̀wé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tó ìwọ̀n ilé méjì sí mẹ́ta.

Ojú àgbàrá kan gé ọ̀nà náà kọjá. Kò jìn. Gbogbo wọn ló ti gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n ń gòkè. Táyà iwájú wọ inú rẹ̀, ó jáde, fóòkì sì ṣẹ́. Kò sí ariwo púpọ̀. Táyà nìkan ń yí lọ, ó ń sọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ láìsí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó gba iwájú mi kọjá, àwọn èèyàn sì yà fún un. Lẹ́yìn táyà ni mo tó wá ẹ̀gbọ́n mi. Apá ọ̀tún ló fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èmi. Akọ̀wé ni. Ó ju kẹ̀kẹ́ òyìnbó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sáré, ó gbé orí ẹ̀gbọ́n mi lé itan, ó fi aṣọ ara rẹ̀ di apá náà. Ẹnì kẹta tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ló lọ gba ipò kìíní. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́ títí di òní.

A gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìkàrẹ́ lórí ilẹ̀kùn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún aláìsàn lóògùn, wọ́n ṣe é dé ibi tí agbára wọn mọ. Apá jinná, ṣùgbọ́n ó jinná ní wíwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ kò nà mọ́, àwọn ìka kò sì lè pa dé mọ́ ohunkóhun. Ọwọ́ òòlù rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà kòkó wá kí i, ó jókòó pẹ́, ó sì gbàdúrà fún un. Kò dárúkọ kẹ̀kẹ́. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti ránṣẹ́ sí Èkó.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní akọ̀wé lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ wa ní Ìkàrẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa fóòkì rẹ̀. Ó lóṣòó tì í lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ńṣe ló yìn ín, tó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀kà, ọwọ́ tó pa fóòkì náà ló ba fóòkì náà jẹ́. Bàbá gbà á gbọ́. Mo rò pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà á gbọ́, nítorí irin ilé wa kì í ṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé pé kó wá búra lórí owú wa. Ní ilé alágbẹ̀dẹ, ohun ńlá nìyẹn. Bí kò bá wá, gbogbo ayé yóò gbà pé òun ni. Bó bá wá, ẹni tí wọ́n mú búra ni yóò jẹ́ títí láé, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò sì ní pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù. Ó ní òun yóò wá.

Ní gbogbo àkókò yìí, fóòkì tó ṣẹ́ wà nínú àpótí ìwé mi. Mo ti ṣà á ní ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i, mo sì ti wò ó. Ibi tó ti ṣẹ́ gba ojú ilà ẹ̀kẹta lọ láti ìkángun dé ìkángun, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe máa ń ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo máa ń sọ fún ara mi pé màá sọ fún Bàbá bí apá ẹ̀gbọ́n mi bá jinná, lẹ́yìn náà bí Bàbá bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Gbogbo rẹ̀ dà bí àánú lójú mi nígbà náà. Ẹ̀rù ni.

Akọ̀wé wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó gbé ọ̀pá dání. Àwọn ará ilé wa dúró yí àgbẹ̀dẹ ká. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó gbé apá kọ́rùn. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu akọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ahọ́n kan owú, ó ní bí òun bá fi ọwọ́ ba fóòkì náà jẹ́, kí irin má jẹ́ kí òun dé ilé.

Mo rò pé bóyá ìbúra náà ti tó, pé Bàbá yóò jẹ́ kó máa lọ, tí kò fi ní sí ìdí láti sọ nǹkan kan.

Bàbá ní kò tó. Wọ́n ní, "Fi orí àwọn ọmọ rẹ kún un."

Akọ̀wé gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, ọmọ mi kan ṣoṣo kò tíì rìn."

Bàbá ní, "Tèmi ti rìn rí. Wo apá rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo wọlé lọ gbé àpótí ìwé mi jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn. Mo gbé fóòkì náà lé orí owú, mo sì sọ pé èmi ni. Mo sọ ọ́ léraléra, mo ṣàlàyé ilà àkọ́kọ́ àti èkejì, mo ṣàlàyé pé irin náà tutù, mo ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹran. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Bàbá gbé e. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n fi ìka kà á. Ìka wọn lọ sí ilà àkọ́kọ́, ó lọ sí èkejì, kò sì bá irin kankan mọ́ níbi tó yẹ kí ẹ̀kẹta wà. Wọ́n tún padà sẹ́yìn, wọ́n tún kà á. Wọ́n wá kọjú sí akọ̀wé, wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú." Mi ò tíì gbọ́ kí Bàbá fi "ẹ" bá ẹni tó kéré sí wọn sọ̀rọ̀ rí.

Akọ̀wé dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. Arúgbó tó bá a wá ní, "A ti gbọ́," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti túká, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí. Mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun ti fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Mo bi í pé, "Kí ló wá dé tó o fi gùn ún?"

Ó ní, "Ò ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ dùn pé a ti parí ìjà."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi èsì yẹn ṣe. Mo ti kàwé nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo lè fi èyí sí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó gbá mi létí.

Mo lo ọjọ́ méjì sí i nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó yẹ kí n padà sí Ìkàrẹ́, mo gbọ́ ohùn ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ iná, mo sì lọ yọjú. Ọkọ́ kan tó ti rún ni Bàbá fẹ́ tún ṣe fún obìnrin aládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ti èédú jọ. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ń dúró de ẹ̀mú tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú. Ẹ̀gbọ́n mi mú un. Ó dúró. Mo rí i pé ó gbìyànjú ti ọ̀tún, àwọn ìka náà kò sì dé. Ó wá fi ọwọ́ òsì nà án sí wọn.

Nílé wa, ọmọ kì í fi ọwọ́ òsì fún bàbá rẹ̀ ní nǹkan, bó ti wù kó yá tó. Bàbá mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni, nípa bí ẹ̀mú náà ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n di ẹnu ẹ̀mú náà mú fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà kò tíì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á, wọ́n sì kọjú sí iná.

Mo ní kí n wá ran wọ́n lọ́wọ́, kí n bá wọn di irin mú. Mo ti ń ká apá ẹ̀wù mi sókè.

Bàbá ní, "Máa lọ, Tíṣà. Àwọn ọmọ ń dúró dè ọ́."